Ohun Tí Ń Kó Ìdàgbà Níjàánu Nínú Oyún

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè mí wá sọ ní Ìkàrẹ́ lónìí dá lórí ọlẹ̀ inú oyún, àti lórí àwọn purotéènì kan tí sẹ́ẹ̀lì ń tú síta láti fi kó ìdàgbà níjàánu. Orúkọ àwọn purotéènì náà ṣòro díẹ̀ láti pè, nítorí náà ẹsẹ̀ adìyẹ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ti pa adìyẹ ọdún rí tí kò mọ̀ pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti pẹ́pẹ́yẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ kan so ìka rẹ̀ pọ̀, òun ló fi ń ti omi sẹ́yìn nígbà tó bá ń lúwẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà nínú ẹyin, ẹsẹ̀ wọn jọra. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n máa ń rọra gé ojú kékeré sára èèpo ẹyin adìyẹ tó ti gba ooru fún ọjọ́ mẹ́fà, kí wọ́n lè rí ọmọ inú rẹ̀ láìpa á. Ọmọ náà kò gùn tó ìdajì ìka ọwọ́ wa. Ojú rẹ̀ dúdú, ó tóbi ju ojú tó yẹ kí irú orí bẹ́ẹ̀ ní lọ. Ọkàn rẹ̀ dà bí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kín-ún, ó ń lù, ẹ ó sì máa rí i bó ṣe ń lù. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀: pẹlẹbẹ ni. Àmì ìka ti hàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ló kún àárín wọn, kò sí àlàfo rárá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan péré, ẹran àárín ìka yẹn ti lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ kú, wọ́n sì kú nítorí pé wọ́n gba àṣẹ pé kí wọ́n kú.

Purotéènì tó gbé àṣẹ náà dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń pè ní BMP. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ipasẹ̀ rẹ̀ ni Marshall Urist, dókítà egungun ní Los Angeles. Ní 1965 ó ròyìn pé òun mú egungun, òun fi ásíìdì yọ kálísíọ́mù inú rẹ̀ kúrò, òun wá fi ohun tó ṣẹ́ kù sínú iṣan ẹran. Egungun tuntun hù níbi tí egungun kì í hù. Ó di 1988 kí àwọn olùwádìí tó rí jíìnì rẹ̀ mú. Iṣẹ́ egungun ni wọ́n fi dá a mọ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ju egungun lọ: ó wà nídìí awọ ara, ojú, kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀, àti ikú àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín ìka. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe nígbà tí BMP bá kàn án dúró lórí ibi tí sẹ́ẹ̀lì náà wà, ọjọ́ tí ó gbọ́ iṣẹ́ náà, àti bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Nítorí èyí, ọlẹ̀ kì í fi BMP sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tó ń tú purotéènì adènà síta, tí yóò gbá BMP mú lọ́nà kó tó dé ibi tó ń lọ.

Adènà yìí ló fa ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ adìyẹ àti ti pẹ́pẹ́yẹ. BMP wà láàárín ìka àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, adènà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gremlin wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì jẹ́ kó jíṣẹ́ ikú. Ní 1999, àwọn olùwádìí kan ní orílẹ̀-èdè Spéènì mú Gremlin, wọ́n fi í sí àárín ìka ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin. Ibi tí wọ́n fi í sí, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò kú mọ́. Àdán náà jẹ́ ẹ̀rí. Awọ tó fi ń fò, àárín ìka ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni, àwọn olùwádìí sì rí Gremlin níbẹ̀ nígbà tí ọmọ àdán ṣì wà nínú ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó fi apá tuntun fún àdán. Ohun tó yẹ kó kú ni a dá sí.

Ọwọ́ tiwa náà gba ọ̀nà yìí. Nígbà tí oyún bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti ìgbà tó ti dúró, ọwọ́ ọmọ kò ju kókó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ó ti di pẹlẹbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìka ti yà. Kí ìka tó lè yà, ó ní láti kọ́kọ́ hù, níbẹ̀ sì ni Gremlin ti ṣe iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ sí èyí tí mo sọ tán. Sẹ́ẹ̀lì tó wà ní etí kókó ọwọ́ yẹn ń tú purotéènì tí ń jẹ́ FGF, èyí tó ń sọ fún ẹran abẹ́ rẹ̀ pé kó máa dàgbà. BMP fẹ́ pa FGF lẹ́nu mọ́. Gremlin dí BMP lọ́wọ́, FGF sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọńdinrín yóò ti hù, purotéènì mìíràn, Sonic hedgehog, ń ran Gremlin lọ́wọ́ kó má bàa tán. Nígbà tí ọwọ́ bá tóbi dé àyè kan, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí já fúnra rẹ̀, ìdàgbà sì dúró. Bí kò bá já nígbà tó yẹ, tàbí tí Gremlin bá tàn kọjá ibi tó yẹ kó dé, àyè yóò wà fún ìka tó lé.

Ẹ ti mọ orúkọ tí à ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀. Olúgbódi ni. Àwọn baba wa kò fi ìka kẹfà ṣe ẹ̀sín. Wọ́n kà á mọ́ àmútọ̀runwá, wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀ bí wọ́n ti fún Ìgè àti Òjò àti Dàda. Wọ́n sì rí i dáadáa, nítorí pé irú ìka yìí, tó máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín, pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju bó ṣe pọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù lọ. Ó sábà máa ń rìn nínú ẹbí. Ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí a mọ̀ mọ́ ọn ni GLI3, tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì láti gba iṣẹ́ Sonic hedgehog. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lára eku, Gremlin á gba ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, eku náà á sì ní ìka púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin agbẹ̀bí, òwú tí a máa ń so mọ́ ìdí ìka kékeré náà kó lè já bọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kí ẹ tó so ó. Ìka mìíràn ní egungun nínú. Òwú kò lè gé egungun, kòkòrò àrùn sì lè gba ojú ọgbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Mo fẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀ nísinsìnyí, nítorí pé ìtàn bí wọ́n ṣe rí àwọn adènà yìí dára láti gbọ́, obìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí a mọ orúkọ rẹ̀. Hilde Mangold ni. Ọdún 1898 ni wọ́n bí i ní Jámánì. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ Hans Spemann ní ìlú Freiburg, ó fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín gé ègé kékeré kan lára ọlẹ̀ ẹranko inú omi kan tó jọ alángbá. Ibi tí yóò di ẹ̀yìn ẹranko náà ló ti gé e. Ó lẹ ègé náà mọ́ ibi tí yóò di ikùn ọlẹ̀ mìíràn. Ọlẹ̀ àkọ́kọ́ funfun, èkejì dúdú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n bẹ́ẹ̀ kó lè mọ èyí tó ti ara ẹnì kọ̀ọ̀kan wá. Ohun tó hù sí ikùn yẹn kì í ṣe ẹran lásán. Ara kejì ni, tó ní ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ tirẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì dúdú. Ìyẹn ni pé ègé funfun kékeré yẹn kò kàn dàgbà fúnra rẹ̀. Ó yí sẹ́ẹ̀lì onílé lọ́kàn padà, àwọn tó yẹ kó di awọ ikùn wá di ọpọlọ. Ọdún 1924 ni ìwé wọn jáde. Lọ́dún náà ni sítóòfù bú gbàmù ní ilé ìdáná Hilde, ó sì kú nínú iná náà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Spemann gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1935.

Gbogbo ènìyàn wá ń wá ohun tí ègé yẹn ń tú jáde. Wọ́n wá a fún ohun tó tó àádọ́rin ọdún. Ìṣòro wọn ni pé wọ́n rò pé àṣẹ kan ni wọ́n ń wá, nǹkan tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé: ìwọ, di ọpọlọ. Nígbà tí Richard Harland àti William Smith rí Noggin ní Berkeley ní 1992, tí Yoshiki Sasai àti Eddy De Robertis sì rí Chordin ní Los Angeles ní 1994, wọn kò tíì mọ bí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Èsì dé ní 1996: kò sí àṣẹ kankan nínú Noggin. BMP ló ń sọ fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì òde ọlẹ̀ pé kí wọ́n di awọ ara. Noggin àti Chordin wulẹ̀ dì í mú ní apá ẹ̀yìn ọlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá gbọ́ iṣẹ́ BMP, ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni yóò dà fúnra rẹ̀. Ọpọlọ tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìdènà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti kó o lọ. Xenopus laevis, tí ń gbé omi gúúsù Áfíríkà, tó ní èékánná lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, di ará ilé ìwòsàn kárí ayé lẹ́yìn 1930, ọdún tí Lancelot Hogben ṣàwárí ohun tó mú kí wọ́n máa fi í yẹ oyún wò. Wọ́n á gún ìtọ̀ obìnrin sábẹ́ awọ ọ̀pọ̀lọ́ náà. Bí obìnrin náà bá lóyún, ọ̀pọ̀lọ́ á ti yé ẹyin kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nígbà tí àyẹ̀wò tó rọrùn ju èyí lọ dé, ọ̀pọ̀lọ́ ti kún yàrá ìwádìí. Ìbátan rẹ̀ kékeré, Xenopus tropicalis, ará ilé wa ni. Inú omi àárín igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń gbé, Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn. Ní 2010 wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo jíìnì rẹ̀ jáde, ó lé ní 20,000. Ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ka jíìnì inú rẹ̀ jẹ́ abo, láti inú ìran tí gbogbo yàrá ìwádìí ń fi orúkọ Nàìjíríà pè, torí láti orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti mú àwọn ìyá ńlá rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Akùngbá gbọ́ èyí dáadáa. Ẹyin adìyẹ kì í wọ́n ní Àkókó, ẹ̀rọ tí ń fún ẹyin lóoru kò ju ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ Ìkàrẹ́ lè kàn lọ, tiwa sì ni ọ̀pọ̀lọ́ náà. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá fi wọ́n ṣe níbòmíràn, a lè ṣe é níbí.

Bí Noggin ṣe ń dènà yìí, ó dáni lójú. Ní 2002 wọ́n ya àwòrán òun àti BMP kan papọ̀, wọ́n rí i pé ńṣe ló fi ara rẹ̀ bo ibi tí BMP fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú. BMP wà, kò bàjẹ́, àmọ́ kò rí ọwọ́ nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ti Chordin ní ọgbọ́n kan nínú: purotéènì mìíràn, Tolloid, lè gé e, kó sì tú BMP sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń fẹ́ ẹ. Ìdènà tí a lè tú ni ọlẹ̀ ń lò. Noggin kò sì sinmi lẹ́yìn tí ọpọlọ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣọ́ oríkèé. Ní 1999 wọ́n rí àwọn ẹbí kan tí ìka wọn kò ṣeé tẹ̀, tí oríkèé ìka ọwọ́ wọn so pọ̀ di egungun kan; jíìnì Noggin wọn ló ní àṣìṣe. Purotéènì mìíràn tó ń kó ìdàgbà egungun níjàánu, Sclerostin, wà lára egungun àgbàlagbà. Ara àwọn ẹbí Afrikaner ní Gúúsù Áfíríkà, tí egungun wọn ń ki láìdúró, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní 2001. Láti 2019 ni oògùn kan, romosozumab, ti wà tó ń dí Sclerostin yẹn lọ́wọ́ kí egungun ẹlẹgẹ́ àwọn àgbà obìnrin lè le sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá jù ni ojú ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin oyún, ojú kò tíì sí. Ẹran márùn-ún ló yí ẹnu ká: ọ̀kan lókè, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì nísàlẹ̀. Wọ́n ń dàgbà sún mọ́ ara wọn. Ètè òkè so pọ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkeje. Àjà ẹnu gbẹ̀yìn. Apá rẹ̀ méjèèjì kọ́kọ́ kọrí sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, wọ́n á wá gbéra sókè, wọ́n á pàdé lókè ahọ́n, wọ́n á so pọ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejìlá tó pé. Bí èyí tó wà lókè kò bá pàdé tẹ̀gbẹ́, wọn á bí ọmọ náà pẹ̀lú ètè tó là. Bí apá àjà ẹnu kò bá pàdé, àjà ẹnu á là. Eku tí wọ́n yọ Noggin kúrò lára rẹ̀, àjà ẹnu rẹ̀ máa ń là, torí BMP pọ̀ jù fún awọ tó wà níbẹ̀. Ní 2010, Elisabeth Mangold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bonn ka jíìnì ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ètè wọn là ní Yúróòpù, wọ́n sì rí ojú ibì kan ní ẹ̀gbẹ́ jíìnì Noggin. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gremlin. Jíìnì tó ya pẹ́pẹ́yẹ sọ́tọ̀ kúrò lára adìyẹ lọ́wọ́ nínú ètè ọmọ ènìyàn.

Yúróòpù nìkan kọ́ ni ẹ̀rí ti wá. Azeez Butali, ọmọ Nàìjíríà, tó ṣiṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, àti àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Wasiu Lanre Adeyemo ní Yunifásítì Èkó, kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Gánà àti Ẹtiópíà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 dá lórí ènìyàn tó lé ní 3,000, àwọn tí ètè tàbí àjà ẹnu wọn là àti àwọn tí tiwọn kò là. Wọ́n rí àwọn ojú ibi tuntun tó kan àjà ẹnu, tí ìwádìí Yúróòpù kò rí, ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì CTNNA2. Iṣẹ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún ni. Ẹni tí kò bá ka jíìnì ọmọ Áfíríkà kò tíì mọ jíìnì ènìyàn, torí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa nínú jíìnì pọ̀ ju ti ibikíbi lọ.

Ẹ̀yin àna àti ọkọ tó wà níbí, ẹ fetí sílẹ̀. A máa ń sọ pé aboyún rìn lọ́sàn-án gangan, pé ayé ló ṣe é, pé ó jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ. Ìgbà tí ètè ń so pọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Nǹkan oṣù rẹ̀ kò ju èyí tó fò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Jíìnì tí ọmọ náà gbé wá, ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ baba wá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ní gbogbo ayé, bí ọmọ kan nínú 700 ni irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí, lára àwọn aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọba, ọmọ òtòṣì. Obìnrin tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé, ó sì ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n lé òun àti ọmọ padà sílé bàbá rẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń pa ojú dé ní bí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oyún. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991 fi hàn pé fólíìkì ásíìdì dín ìbí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kù ní ìdá 72 nínú 100 lára àwọn obìnrin tó ti bí irú rẹ̀ rí. Nítorí náà, kí obìnrin tó ń retí oyún ti máa lo 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ ṣáájú kí oyún tó dúró, títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá; ẹni tó bá ti bí irú rẹ̀ rí, kó bi dókítà léèrè iye tí yóò lò. Kẹ́mísítì ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà ń tà á. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tútù ní irú rẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Fún ètè tó là, ẹ̀rí fólíìkì ásíìdì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Sìgá àti ọtí ni kí aboyún sá fún. Obìnrin tó ń lo oògùn wárápá, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó lọ bá dókítà kó tó lóyún, torí pé irú oògùn náà kan, valproate, ń ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ní ibi, oògùn mìíràn sì wà tó sàn jù.

Ọmọ tó ti wá pẹ̀lú ètè tó là, ìtọ́jú rẹ̀ wà. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó, àjọ Smile Train ti ń gbé owó iṣẹ́ abẹ náà fún ọ̀pọ̀ ẹbí, kí ẹ béèrè kí ẹ tó sọ pé ẹ kò lówó. Dókítà máa ń dúró kí ọmọ pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kó wọ̀n tó bí kílò mẹ́rin àti ààbọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó, kí wọ́n tó rán ètè rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ti àjà ẹnu máa ń dúró títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan àti ààbọ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, oúnjẹ ni ìjà tó tóbi jù. Ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là kò lè fa ọmú dáadáa, ìyá á sì máa rò pé ó kọ ọmú. Kò kọ ọ́. Kí ìyá fún wàrà ọmú náà sínú ife mímọ́, kó gbé ọmọ jókòó lé itan rẹ̀ kí orí rẹ̀ ga ju ikùn lọ, kó fi ṣíbí kékeré fún un díẹ̀díẹ̀, kó máa dúró kó gbé e mì, kó sì mú kó gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí afẹ́fẹ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé mì pọ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kó gbé e lọ wọ̀n ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù.